Kọfí Tó Ń Ṣomi: Ẹ Má Tíì Dá Ẹ̀rọ Lẹ́bi

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tíì gbé kọfí mékà yẹn padà sínú páálí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú yín. Ọmọ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, tàbí ẹ rà á ní tòkunbọ̀ ní Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ da omi sí i, ẹ da kọfí sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, òórùn dídùn gba inú ilé kan, ó tún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò. Ẹ wá bù ú mu. Omi gbígbóná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lásán ni. Bàbá àwọn ọmọ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí ẹ kúkú po Bournvita fún òun. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, bóyá àlejò ló máa ṣí i.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń ṣe irú àròyé yìí, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi rárá. Ìwọ̀n ló fa á. A ń ṣahun kọfí, a wá ń lawọ́ sí omi.

Ẹ wo ara ìkòkò gíláàsì tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Wọ́n kọ 2, 4, 6 sí i, títí dé 10 tàbí 12. Kọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ́ọ̀bù tiwa. Kọ́ọ̀bù àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan bíi mílílítà 125 sí 150 lọ. Kọ́ọ̀bù ńlá tí a fi ń mu tíì níbí, irú èyí tí wọ́n máa ń pín níbi ìsìnkú àgbà pẹ̀lú àwòrán olóògbé lára rẹ̀, ń gba tó mílílítà 300, òmíràn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, omi tó dé ojú 4 kò ju kọ́ọ̀bù wa méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn mẹ́rin ní kọfí á da omi dé ojú 8, á sì bu ṣíbí mẹ́rin sí i, ṣíbí kan fún ẹnì kan, bí a ti ń ṣe Nescafé. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. Kọfí tí a ń pò jẹ́ èyí tí wọ́n ti sè ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì gbẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń yọ́ sínú omi. Kọfí lílọ̀ kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń bọ́ sínú omi, èyí tó kù di èèrí tí a ń dànù.

Ẹnì kan tó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Ernest Lockhart, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1950. Ìwọ̀n tó jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn oníkọfí ṣì ń tẹ̀lé di òní, ni pé nínú kọfí tí a bá lọ̀, nǹkan bí ìdá 18 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó bọ́ sínú omi. Bí ó bá dín, ẹnu á mọ̀ pé nǹkan kù. Bí ó bá jù, ìkorò tó yẹ kó jókòó sínú èèrí á bá a jáde. Ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí àtàtà lágbàáyé, Specialty Coffee Association, fi gíráàmù 55 lélẹ̀ fún lítà omi kan, kí kálukú wá fi díẹ̀ kún un tàbí kó yọ díẹ̀ níbẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ bá ti fẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ní òṣùwọ̀n gíráàmù nílé ní Ẹrúnmu tàbí ní Akanran? Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọ̀n ọ́n. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ́ǹtílítà 50, méjì rẹ̀ jẹ́ lítà kan géérégé. Ẹ wá agolo mílíkì olómi kékeré, ẹ là á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá bu kọfí lílọ̀ kún un, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ohun tó wà níbẹ̀ súnmọ́ gíráàmù 55 yẹn pẹ́kípẹ́kí. Agolo mílíkì kan sí píọ̀ wọ́tà méjì. Ìdajì agolo sí ẹyọ kan. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá sì lè mu kọfí láìda mílíkì sí i, tí ó fẹ́ kó ki lẹ́nu, kí ó dá omi dúró sí píọ̀ wọ́tà kan àtààbọ̀ fún agolo kan, nítorí mílíkì fúnra rẹ̀ á tún là á.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á pariwo pé agolo kan gbáko! Owó ni kọfí o, èmi náà ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: kọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ kọfí sàn ju mẹ́rin tó jẹ́ omi lọ, nítorí mẹ́rin yẹn, ìgbẹ́ ni ẹ máa dà á sí, kọfí tó wà níbẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ sè é níwọ̀n tí ẹ máa mu tán. Kìkì pé ẹ̀rọ ńlá kì í fẹ́ iṣẹ́ kékeré: bí ó bá jẹ́ ti ife 12, tí ẹ kàn fẹ́ sẹ́ kọ́ọ̀bù kan, kọfí á tẹ́ pẹẹrẹ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n rẹ̀, omi á sáré gba àárín rẹ̀ kọjá láìdúró mú nǹkan. Ẹ sè tó ìdajì ìkòkò, kí ẹ bu ìyókù sínú fúlásìkì. Kí ẹ tó ti agbọ̀n náà bọ ibi tó ń gbé, ẹ mì í díẹ̀ kí kọfí tẹ́ dọ́gba. Bí ó bá gun òkè lápá kan, apá kejì ni omi máa gbà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eèje lọ, nítorí àwọn kan á tún ìwọ̀n ṣe, kọfí á sì tún ṣomi. Níbí yìí, ahọ́n yín ni kí ẹ bi. Bí ó bá ṣàn tó sì korò, ìwọ̀n ṣì ni: kọfí kéré, omi pọ̀, omi náà wá fọ̀ ọ́ dé egungun. Bí ó bá ṣàn tó sì kan lẹ́nu, omi kò gbóná tó, tàbí kọfí kò kúnná, tàbí kò gbó lórí iná nígbà tí wọ́n yan án. Bí ó bá ṣàn, tí kò kan, tí kò korò, tí kò tilẹ̀ ní òórùn kankan, kọfí náà ti dàgbà jù. Ẹ má ṣe da ṣúgà sí i kí ẹ tó tọ́ ọ wò o. Ṣúgà máa ń purọ́ fún ahọ́n.

Ti omi tí kò gbóná tó yìí ni mo fẹ́ jókòó lé lórí, nítorí ìlú tiwa ló kàn jù. Ṣé ẹ mọ ògì tí a da omi lé, tí omi náà kò hó dáadáa? Bí ẹ ròó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní di ẹ̀kọ. Omi funfun ló máa jókòó sójú yín. Kọfí náà rí bẹ́ẹ̀. Omi tí yóò kàn án lára gbọ́dọ̀ wà láàárín díígírì 90 sí 96. Ní ibi tí iná ti dúró ṣinṣin, ẹ̀rọ á ṣe é fúnra rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí a bá ti kúrò ní Mọ́níyà wọ inú abúlé, tàbí tí a ti kọjá Lálúpọn, ẹ̀yin náà mọ háàfù kọ́rẹ́ǹtì tó máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún, tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń ronú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ nígbà náà. Irú kọfí mékà kékeré tó pọ̀ lọ́wọ́ wa kò ní pọ́ńpù kankan. Wáyà ìgbóná kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi tútù á sọ̀kalẹ̀ sínú páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ wáyà yẹn kọjá, á hó níbẹ̀, ìhó yẹn ló ń tì í gòkè díẹ̀díẹ̀ títí á fi kán sórí kọfí. Wáyà kan náà ló sì ń gbóná fún pẹpẹ tí ìkòkò gíláàsì jókòó lé. Iná tó bá dínkù, agbára ìgbóná wáyà yẹn máa ń dínkù ju bí iná fúnra rẹ̀ ti dínkù lọ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ fóòtì 230, bí ó bá jẹ́ 160 ló rí jẹ, agbára rẹ̀ kò tó ìdajì. Kò ní kọ iṣẹ́ o, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Á kàn máa tu omi pọ́tọ́, á sinmi, á tún tu pọ́tọ́. Láàárín ìgbà tó ń sinmi, páìpù ń tutù, kọfí inú agbọ̀n ń tutù, omi tó bá wá kán lé e ti di lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń pẹ́ ní ìlọ́po méjì ìgbà tó máa ń lò nígbà tí iná bá dára, ẹ má wo ojú ẹlòmíràn, iná ni.

Ẹ má tìtorí èyí tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó kílówáàtì kan, bẹ́ẹ̀ ni kọfí mékà fúnra rẹ̀ lè jẹ wáàtì 900 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á máa kérora, iná inú ilé á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ méjèèjì á sì jìyà. Invẹ́tà kékeré náà kò fẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Méjì ni ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó súnmọ́ mi. Bí ẹ bá jí kùtùkùtù, kí àwọn ará àdúgbò tó ki áyọ́ọ̀nù bọ sókẹ́ẹ̀tì, iná sábà máa ń le nígbà náà. Ẹ sẹ́ kọfí ọjọ́ yẹn, ẹ rọ ọ́ sínú fúlásìkì kíákíá. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ yọ agbọ̀n ẹ̀rọ náà àti fílítà rẹ̀, ẹ gbé e lé orí fúlásìkì tàbí kọ́ọ̀bù ńlá, ẹ se omi lórí gáàsì tàbí èédú. Nígbà tó bá hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dúró fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ kọ́kọ́ da díẹ̀ lé kọfí kó tutù dé ìdí, ẹ tún dúró díẹ̀, kí ẹ wá máa da ìyókù sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọfí tó ń jáde báyìí sàn ju ti ẹ̀rọ tí iná ń fi ìyà jẹ lọ, mo fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tó wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ kì í bọ ògiri wa tààrà, á jóná ni. Tiránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ ló nílò, èyí tó ju wáàtì ẹ̀rọ náà lọ dáadáa: ẹ̀rọ wáàtì 900, ẹ ra ti 1,500. Ẹni tó bá fi ti 500 sí i, tó wà fún fóònù àti rédíò, ẹ̀rọ náà á máa ti ìsàlẹ̀ wo omi ni, tiránsífọ́mà á sì máa gbóná tó ìkòkò ọbẹ̀. Èyí tó wá láti Ìlú Ọba kì í ní wàhálà yìí, fóòtì wọn àti tiwa bára mu, kódà ẹnu mẹ́ta tó wà lórí púlọ́ọ̀gì wọn bá sókẹ́ẹ̀tì wa mu.

Ìdọ̀tí inú páìpù náà ń pa ooru. Omi kànga àti ti bòhóòlù ní àwọn ibìkan máa ń fi nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù, ẹ ti rí i. Ohun kan náà ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù ẹ̀rọ kọfí níbi tí ojú yín kò dé, á wá dàbí aṣọ tí wọ́n fi bo wáyà, omi kò ní gbóná dáadáa mọ́, kò sì ní sáré mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ fún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ sẹ́ ẹ kó má sí kóró, ẹ pò ó mọ́ omi píọ̀ wọ́tà kan, ẹ rọ ọ́ síbi tí a ń da omi sí. Ẹ tan án. Nígbà tó bá dé ìdajì, ẹ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó jẹ́ kó parí. Ẹ wá fi omi lásán sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọfí ọjọ́ kejì á máa kan yín lẹ́nu, ẹ ó sì tún wá bá mi. Fínígà náà ń ṣe é, kí ó àti omi dọ́gba, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Ti agbọ̀n, ọṣẹ àti kànrìnkàn ni, lójoojúmọ́. Èèrí tó bá sùn sínú rẹ̀ máa ń bu, òróró kọfí tó bá gbẹ síbẹ̀ náà a sì máa kan.

Kí n tó kúrò lórí omi: èyí tí a fi álọ́ọ̀mù sí kó lè tòrò máa ń fi ara rẹ̀ hàn nínú kọfí, bẹ́ẹ̀ náà ni píọ̀ wọ́tà tó ti jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ti gba òórùn ọ̀rá. Ẹ tọ́ omi wò kí ẹ tó fi ṣe nǹkan.

Lílọ̀ ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í bìkítà fún. Kọfí tó ní hóró gbàgìgbàgì, omi á kọjá lára rẹ̀ ni, kò ní wọ inú rẹ̀. Èyí tó sì kúnná bí èlùbọ́ máa ń dí fílítà, omi á kún agbọ̀n, á ṣàn sórí tábìlì, á sì korò. Àárín méjèèjì ni kí ẹ wá: bí ẹ bá fi ìka méjì fún un, kí ẹ gbọ́ ọ hórohóro díẹ̀. Bùlẹ́ńdà tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gúsí gbígbẹ lè ṣe é bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ní ìdákúrekú, kí ẹ sì mì í láàárín. Odó kékeré náà dára: ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ dá èyí tó kù lórí ajọ̀ padà sínú odó. Ẹ̀rọ ata ọjà nìkan ni mo bẹ̀ yín nípa rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ síbẹ̀. Rodo kì í kúrò lára irin yẹn.

Bí fílítà bẹ́pà bá tán, kò sí ní tòsí, ẹ má fi tíṣù dípò rẹ̀, yíya ló máa ya. Obìnrin kan ní ìlú Dresden ní Jámánì, Melitta Bentz, ìyàwó ilé bíi tiwa, ló kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní 1908. Èèrí inú kọfí ló sú u. Ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí ìkòkò idẹ kan, ó ya bẹ́pà tó ń fa yíǹkì nínú ìwé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó da kọfí lé e, ó sì da omi sí i. Lọ́dún yẹn náà ló gba ìwé àṣẹ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì wà títí di òní. N kò ní kí ẹ fọwọ́ kan ìwé ọmọ yín o. Aṣọ funfun olówùú tó mọ́, tí ẹ bọ̀ nínú omi gbígbóná láìfi ọṣẹ sí i, tó gẹ́lẹ́ fún un. Asẹ́ ògì kọ́, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Kíkan rẹ̀ kì í lọ.

Nípa kọfí fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti rìn jìnnà. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ṣí i wò lọ́nà, ó tún dúró lórí kọ́bọ́ọ̀dù de ọjọ́ àlejò. Kọfí lílọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan òórùn rẹ̀ á ti lọ, adùn rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹ gbé e sínú agolo tó dé dáadáa, kó jìnnà sí iná, kó sì jìnnà sí irú, ẹja gbígbẹ àti kẹrosíìnì, nítorí gbogbo òórùn ló máa ń gbà mọ́ra. Ẹ má fi sínú fíríìjì tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀. Ìrì á sẹ̀ sí i lára.

Bẹ́ẹ̀, kọfí kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Ní Ìdí Ayunrẹ̀ ni CRIN wà, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964. Kòkó ni a mọ̀ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n obì, kọfí, kajú àti tíì náà wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn. Ẹ̀yà tó fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni Robusta. Arabica ló ń gbé orí òkè tútù bíi Mambilla ní Taraba. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa Òkun, níhà Kàbà ní Kogí, kọfí kì í ṣe àlejò. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní èyí tí wọ́n kò tíì yan, tí wọ́n ti sá, tí wọ́n sì ti bó èèpo rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí a kò tíì yan lè pẹ́ oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́. Inú agbada ni ẹ máa yan án, lórí iná èédú tó dúró, kí ọwọ́ yín má kúrò lẹ́nu ríro. Á kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, á rùn bí koríko, lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í ta páápáá. Ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó ta, kíkan àti omi ló máa mu. Ẹ jẹ́ kó ta tán, kó pọ́n dúdú díẹ̀, kí ẹ wá dà á sínú atẹ kíákíá, kí ẹ fẹ́ ẹ kó tutù. Tó bá jẹ́ pé òróró ti ń yọ lára rẹ̀, tí èéfín ń rú, ó ti ń jóná nìyẹn. Ẹ má mu ún lọ́jọ́ náà; ẹ jẹ́ kó sun ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Robusta yìí tún tú àdììtú kan. Àwọn tó ti fi kọfí pípò dàgbà máa ń sọ pé kọfí ẹ̀rọ kò le rárá, kódà nígbà tí ìwọ̀n bá pé. Robusta pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọfí tí a ń pò, ó korò, ó wúwo lẹ́nu. Arabica tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ fúyẹ́ lẹ́nu, bó ti yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ẹ po Robusta díẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu á gbà á.

Àwọn ará Senegal tilẹ̀ ní tiwọn, kọfí Touba, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí ìlú mímọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣéù Amadou Bamba. Èèrù ni wọ́n ń yan mọ́ kọfí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, èèrù wa tí ẹ fi ń se àgbo àti aṣèjẹ ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ó ta lẹ́nu, ó sì dùn. Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú ẹyọ kan péré. Kìkì pé kọfí tó bá ti ṣomi, èèrù kò ní sọ ọ́ di gidi, omi èèrù ló máa dà.

Àlejò wá ti jókòó ńkọ́, tí ẹ sì rí i pé èyí tó jáde ṣàn? Ẹ má dá a padà sínú ẹ̀rọ kó tún gba inú èèrí kan náà kọjá. Ohun tó dára nínú èèrí ti lọ, ìkorò ló kù, ẹ̀rọ á sì dọ̀tí nínú. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ gbígbóná kó lè ki, òórùn jíjóná ló máa mú wá. Ẹ bu ṣíbí tíì kan kọfí pípò sí i ní yàrá ìdáná, ẹ rò ó, ẹ gbé e wá. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, èmi náà kò sì ní sọ.

Tí kọfí yín bá ti wá le báyìí, ọ̀rọ̀ ara ló kù, ọ̀rọ̀ àwa obìnrin. Káfíìnì inú Robusta tó ìlọ́po méjì ti Arabica. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kí ó má ju mílígíráàmù 400 lọ lóòjọ́. Aboyún, kí ó dúró sí 200, ìyẹn bíi kọ́ọ̀bù ńlá kan tí kò le jù. Nínú oyún, káfíìnì kì í tètè kúrò lára, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń lo oògùn oníkóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, kí ó má fi kọfí sin oúnjẹ. Ó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kí ó fi bíi wákàtí kan sáàárín wọn. Fún ẹni tí kò lóyún, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì káfíìnì ṣì wà lára. Nítorí náà, àlejò tó bá dé lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, Milo ni kí ẹ pò fún un.